Ta Ni Yóò Ní Kí Pa Joof Jókòó?

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo di ọ̀gá ilé ìfọṣọ kan ní Banjul, mo kúnlẹ̀ kí òṣìṣẹ́ mi. Mi ò tilẹ̀ rò ó. Mo wọlé, mo rí bàbá arúgbó kan tó dé fìlà funfun, tó jókòó sórí àpótí lábẹ́ igi máńgòrò, orúnkún mi sì ti kanlẹ̀ kí n tó rántí pé èmi ni mo wá ṣe olórí rẹ̀. Bàbá náà dìde, ó na ọwọ́ kó lè bọ̀ mí lọ́wọ́, bí wọ́n ṣe ń kíra wọn nílùú tiwọn. Èmi wà nílẹ̀, òun wà lókè, ọwọ́ rẹ̀ wà láàárín àwa méjèèjì, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó kàn nínú wa.

Àǹtí Mọdúpẹ́, tó máa ń gba aṣọ lọ́wọ́ àwọn oníbàárà níwájú ilé, ló gbà wá sílẹ̀. Ó yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó wò mí, ó wo bàbá, ó ní, "Sista, na yu na di bos, yu de nil don fo am?" Ó ń bi mí bóyá ọ̀gá ni mí lóòótọ́, àbí ọmọ ọ̀dọ̀ tó ṣìnà. Àwọn ọmọbìnrin tó ń lọṣọ bú sẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn.

Ọmọ Àkú ni Àǹtí Mọdúpẹ́, àwọn tí baba ńlá wọn ti Freetown wá tẹ̀dó sí Banjul. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀, inú mi dùn débi pé mo da Yorùbá bò ó bí ẹni pé a jọ dàgbà ní Ìkìrun ni. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi tán, ó ní òun mọ àkàrà, òun mọ ọ̀lẹ̀lẹ̀, òun mọ kọ́mọjáde, òun sì mọ àwùjọ tí wọ́n fi ń ṣe sàráà fún òkú. Ìyókù Yorùbá mi, kí n máa gbé e lọ sílé. Èdè Àkú tirẹ̀ ló máa ń sọ sí mi, mo sì tètè ń gbọ́ ọ nítorí ó jọ pijin tiwa. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni, ó mọ ẹni tó bí ẹni ní gbogbo Banjul, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi.

Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ni mo kọ́. Òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìbàdàn ni mo ti bẹ̀rẹ̀, kí ọkọ mi tó rí iṣẹ́ olùkọ́ ní Gambia, tí a sì kó lọ sí Old Jeshwang, lẹ́bàá Banjul. Alhaji tó ni ilé ìfọṣọ yìí ní ọmọ ní iléèwé tí ọkọ mi ti ń kọ́ni. Ó gbọ́ pé mo mọ iṣẹ́ náà, ó sì ní kí n wá bá òun mójú tó o, torí pé ìsọ̀ rẹ̀ ní ọjà Serrekunda ni òun fúnra rẹ̀ máa ń wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ òun dára, pé ohun kan ló kàn wà níbẹ̀: àwọn àgbà kì í gbọ́ràn, àwọn ọ̀dọ́ kì í tètè dé.

Kò parọ́. Àwọn àgbà máa ń dé ṣáájú mi. Wọ́n á ti gbálẹ̀, wọ́n á ti kírun, wọ́n á sì ti bínú sí ẹni tí kò tíì dé. Àwọn ọ̀dọ́ á wá máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, tàwọn ti ìròyìn bọ́ọ̀lù lẹ́nu, fóònù lọ́wọ́. Bí mo bá ní kí àgbà kan tún aṣọ fọ̀, á wò mí bí ẹni pé mo ní kó tún ìyàwó rẹ̀ fẹ́ látìbẹ̀rẹ̀. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀dọ́, á tún un fọ̀, ṣùgbọ́n á kọ́kọ́ bi mí ní ìdí rẹ̀. Ọmọbìnrin kan nínú àwọn tó ń lọṣọ fi fóònù rẹ̀ pa mọ́ sáàárín aṣọ ibùsùn òtẹ́ẹ̀lì nígbà tó rí mi tó ń bọ̀, ó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, ó ká aṣọ lé e. Fóònù náà bá aṣọ lọ sí òtẹ́ẹ̀lì. Òyìnbó kan ló gbé e lábẹ́ ìrọ̀rí nígbà tí ìyá ọmọ náà pè láti béèrè ohun tí wọ́n máa sè lálẹ́.

Mo dàgbà ju ìdajì wọn lọ, ìdajì sì lè bí mi. Àwọn àgbà, ẹ̀bẹ̀ ni mo fi ń bá wọn sọ̀rọ̀. Àwọn ọ̀dọ́, mo kàn máa ń wò wọ́n ni, wọ́n á sì mọ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nílé nìyẹn, mo sì rò pé gbogbo ọgbọ́n tí ọ̀gá nílò kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yìn ilé, lábẹ́ igi máńgòrò yẹn, ni iṣẹ́ tó gbé orúkọ wa jáde wà. Ní Banjul, bí ènìyàn bá fẹ́ wọ gínì lọ síbi tó ṣe pàtàkì, kò tó kó fọ̀ ọ́ kó lọ̀ ọ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ lù ú. A ó rẹ aṣọ náà sínú sítáàṣì, a ó sá a títí yóò fi kù díẹ̀ kó gbẹ, a ó ká a, a ó sì tẹ́ ẹ sórí ìtì igi tí wọ́n ti fá tó ń dán. Ọkùnrin méjì á jókòó kojú síra, oníkálukú pẹ̀lú kùmọ̀ igi tó wúwo. Bí tẹnì kan bá ń balẹ̀, ti èkejì á ti máa gòkè. Wọ́n á máa lù ú bẹ́ẹ̀ títí aṣọ á fi dán bíi dígí, tí á máa dún kàràkàrà lára ẹni tó wọ̀ ọ́. Iṣẹ́ ẹni méjì ni. Bí ọwọ́ ẹnì kan bá pẹ́, kùmọ̀ á kọlu kùmọ̀. Bí apá ẹnì kan bá ti rẹ̀, etí kùmọ̀ ni yóò ba aṣọ dípò ìdí rẹ̀, ihò á sì yọ.

Pa Joof, bàbá tí mo kúnlẹ̀ kí, ni olórí àwọn tó ń lu aṣọ. Ẹ̀yà Sẹ̀rẹ́ẹ̀ ni. Kò ga, àmọ́ èjìká rẹ̀ fẹ̀ bíi ti ẹni méjì, àwọn ìyá ìlú tó bá mú gínì wá sì máa ń sọ fún Àǹtí Mọdúpẹ́ pé tí kì í bá ṣe Pa Joof, kí ẹnikẹ́ni má lu tàwọn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. "Sama doom" ló máa ń pè mí, ìyẹn ọmọ mi ní Wọ́lọ́ọ̀fù. Tí wọ́n bá ń se ataya, tíì kíkorò tí wọ́n máa ń mu lọ́sàn-án níbẹ̀, ó máa ń rọ ṣúgà kún tèmi torí wọ́n ti sọ fún un pé adùn ni àwọn ará Nàìjíríà mọ̀.

Ní àsìkò òjò ọdún kejì mi ni aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí padà wá. Ìyá kan wọlé, kò kí ẹnikẹ́ni, ó tú gínì búlúù rẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lù, ó gbé e sójú, ó sì ń wò mí láti inú ihò.

"Madam," ó ní, "mo ń rí yín dáadáa."

Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Lẹ́yìn tirẹ̀, ẹlòmíràn tún dé, lẹ́yìn ìyẹn, ẹlòmíràn. Gbogbo wa ló mọ ọwọ́ tó ń ṣe é. Apá ọ̀tún Pa Joof kì í gòkè mọ́ bó ṣe yẹ, tó bá sì rò pé ẹnikẹ́ni kò wo òun, a máa fi ọwọ́ òsì di èjìká náà mú. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń lu aṣọ á yí ojú sápá ibòmíràn, èmi náà á sì bojú wo ìwé.

Alhaji gbọ́. Ó wá láti Serrekunda, kò jókòó, kò mu omi. Ó ní Iléyá, tí wọ́n ń pè ní Tobaski níbẹ̀, ti ń bọ̀, gbogbo gínì tó wà ní Banjul ló sì máa gba ọwọ́ wa kọjá.

"Kí Pa Joof gbé kùmọ̀ sílẹ̀ kó tó di ìgbà yẹn," ó ní. "Ìwọ ni ọ̀gá, ìwọ ni kí o sọ fún un. Bí aṣọ kan bá tún lu, mo máa ti ẹ̀yìn ilé yẹn pa. Kí gbogbo wọn máa lọ, kí n ra ẹ̀rọ ìlọṣọ síbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Kì í ṣe Pa Joof nìkan ló ń jẹun lábẹ́ igi yẹn, àwọn ọkùnrin mìíràn wà níbẹ̀ tí wọ́n ní ìyàwó àti ọmọ. Pa Joof sì ti sọ lójú gbogbo ayé pé ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni bá gba kùmọ̀ lọ́wọ́ òun, abúlé òun ni òun ń lọ, òun kò sì ní bojú wẹ̀yìn. Tó bá sì lọ pẹ̀lú ìbínú, àwọn yòókù á tẹ̀ lé e, torí òun ló kọ́ wọn níṣẹ́. Ohun tí mo fẹ́ ni kó fi kùmọ̀ sílẹ̀ ṣùgbọ́n kó má lọ. Bí mo ṣe máa wá sọ ọ́ ni mi ò mọ̀.

Ẹ gbà mí gbọ́, mo gbìyànjú. Mo máa ń mí kanlẹ̀ nínú ọ́fíìsì, mo máa ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ sínú dígí, màá wá jáde lọ bá a. Màá kúnlẹ̀. Á béèrè ọkọ mi. Á béèrè àwọn ọmọ. Á béèrè ìyá mi tó wà ní Ìkìrun, tí kò rí rí. Lẹ́yìn náà á gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, á máa ṣàdúrà fún mi, èmi á máa ṣe àmín. Ta ló máa ṣe àmín tán, tó máa wá ní kí ẹni tó ṣàdúrà fún un gbé iṣẹ́ sílẹ̀? Màá dìde, màá padà sínú ilé. Mo bẹ Àǹtí Mọdúpẹ́ pé kó bá mi sọ ọ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo etí, ó ní Pa Joof ló máa ń gbé òun kọjá ẹrẹ̀ lọ síléèwé nígbà tí òun kéré, ẹnu òun kò lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo wá dá ọgbọ́n kan. Ẹnìkejì tí Pa Joof ń bá lu aṣọ ti lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Dakar, nítorí náà mo ní láti gba òṣìṣẹ́ tuntun. Màá wá ọ̀dọ́ tó lágbára débi pé agbára rẹ̀ á bo àárẹ̀ bàbá mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló wá. Ọ̀kan béèrè bóyá ẹ̀rọ amúlétutù wà lábẹ́ igi máńgòrò. Òmíràn fẹ́ mọ ìgbà tí òun máa di ọ̀gá. Ìgbà tó yá ni Ansu Badjie wọlé, ọmọ ẹ̀yà Jóólà láti agbègbè Foni, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti ń gun ọ̀pẹ láti kékeré, tí apá rẹ̀ le bí ìtì igi. Ó bọ́ fìlà, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó sì dúró tìtorí pé mi ò tíì ní kó jókòó. Mo fẹ́ràn ìyẹn.

"Kí lo mọ̀ nípa aṣọ?" mo bi í.

"Mo mọ̀ pé a máa ń wọ̀ ọ́, Madam."

Mo gbà á lójú ẹsẹ̀. Mo mú un lọ sẹ́yìn ilé, Pa Joof sì béèrè orúkọ ìdílé rẹ̀.

"Badjie."

"Ṣé Jóólà ni ọ́?"

"Jóólà ni mí."

Pa Joof yíjú sí mi. "O ṣeun o, ọmọ mi. O bá mi rí ẹrú mi tó sá lọ."

Mo rẹ́rìn-ín. Àwàdà àgbà ni, àgbà sì lè fi ọmọdé ṣe yẹ̀yẹ́ bó ṣe wù ú. Mo padà sínú ilé, mi ò dúró gbọ́ ohun tí Ansu fi dá a lóhùn.

Àwọn méjèèjì mọ ara wọn lọ́wọ́ kíá. Ìró kùmọ̀ wọn dọ́gba débi pé àwọn tó ń kọjá lójú títì máa ń dúró gbọ́. Aṣọ kò lu mọ́. Mo ti ń yin ara mi pé mo gbọ́n. Ìgbà náà ni mo wá bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Fèrèsé ọ́fíìsì mi kọjú sí igi máńgòrò, mo sì gbọ́ Wọ́lọ́ọ̀fù tó tó bẹ́ẹ̀.

"Ìwọ Sẹ̀rẹ́ẹ̀ yìí, gbé ọwọ́ sókè," Ansu ń sọ. "Ṣé kí o lè máa sùn ni mo ṣe rà ọ́? Wo orí rẹ bí ìkòkò."

Mo sáré jáde. Mo pe Ansu sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo bi í bóyá ọtí ló mu.

"Rárá, Madam."

"Bàbá tó bí bàbá rẹ lò ń bú bẹ́ẹ̀?"

"Ẹrú mi ni, Madam," ó ní, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ọmọ tó ń sọ orúkọ iléèwé rẹ̀.

Mo kìlọ̀ fún un. Ó ní ó dára, Madam, ó sì tẹríba fún mi. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi tí mo kéré sí Pa Joof, ó ń tẹríba fún; ìyẹn ló tún ń ba mí lórí jẹ́ jù. Bó ṣe padà débẹ̀ ni mo tún gbọ́ ọ tó ń béèrè lọ́wọ́ bàbá bóyá àwọn Sẹ̀rẹ́ẹ̀ máa ń wẹ̀. Pa Joof náà ń sọ̀rọ̀ ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò ka ìyẹn sí. Mo ń ká Ansu lọ́wọ́ kò, mo ń sọ fún ara mi pé ojú ń ti bàbá ni kò ṣe fẹjọ́ sùn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, a jókòó yí abọ́ bẹ̀nàchìn ká, ìrẹsì tí wọ́n fi òróró àti ẹja sè. Inú abọ́ kan náà ni gbogbo wa ti ń jẹ, oníkálukú sì ń jẹ iwájú rẹ̀. Ẹja tó dára jù ni wọ́n gbé síwájú Pa Joof. Ansu na ọwọ́ kọjá lórí abọ́, ó mú ẹja náà, ó jù ú sẹ́nu.

"Eegun tó ọ, ìwọ ẹrú," ó ní.

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Gbogbo ohun tí mo ti ń gbé mì láti ọjọ́ yìí wá bú jáde. "Dìde," mo ní. "Jáde níbí. Má padà wá títí bàbá rẹ yóò fi mú ọ wá bẹ Pa Joof."

Ansu wò mí. Ó wo Pa Joof. Ó fọ ọwọ́, ó mú fìlà rẹ̀, ó lọ. Kò sẹ́ni tó tún bu òkèlè. Mo rò pé ọ̀rọ̀ mi ló mú gbogbo ilé dákẹ́ bẹ́ẹ̀, orí mi sì wú díẹ̀.

Pa Joof náà fọ ọwọ́. Ó lọ sábẹ́ igi, ó da kùmọ̀ rẹ̀ dojú bolẹ̀, ó jókòó, kò ṣe nǹkan kan. Mo lọ kúnlẹ̀ tì í.

"Bàbá, ẹ má bínú. Mo ti lé e lọ."

"Mo rí i."

"Kò ní rí yín fín mọ́."

Ó wò mí fún ìgbà pípẹ́ bí ẹni tó ń wo ọmọ tí ibà ń ṣe. "Ta ni n óò máa bá lu aṣọ?"

"A ó wá ẹlòmíràn fún yín."

"Mi ò fẹ́ ẹlòmíràn. O lé olówó mi lọ. Ẹrú tí wọ́n lé olówó rẹ̀ lọ, ta ló fẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ fún?"

Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé ìbànújẹ́ ti dà á lórí rú. Mo sáré bá Àǹtí Mọdúpẹ́ níwájú ilé pé kó wá, Pa Joof ń sọ̀sọkúsọ, ó ń pe ara rẹ̀ ní ẹrú Ansu.

Àǹtí Mọdúpẹ́ di tábìlì mú. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó nu ojú, ó tún bẹ̀rẹ̀. "Sista," ó ní, "na pley den de pley." Eré ni wọ́n ń ṣe. Ó wá fara balẹ̀ là mí lọ́yẹ̀. Láti ayé àwọn baba ńlá wọn ni Sẹ̀rẹ́ẹ̀ àti Jóólà ti jẹ́ sànáwù fún ara wọn. Ẹni tó jẹ́ sànáwù rẹ lè bú ọ, ó lè pè ọ́ ní ẹrú, ó lè mú oúnjẹ níwájú rẹ, o kò sì gbọ́dọ̀ bínú. Ìwọ náà, kí o bú u padà. Kò sí ọmọdé, kò sí àgbà níbẹ̀. Tí ìjà bá sì bẹ́ sílẹ̀ nílé rẹ, òun ni wọ́n máa pè, torí ohun tí sànáwù ẹni bá fi eré béèrè, ẹnu kì í gbà á láti kọ̀ fún un.

"Jóólà tí kò bá bú Sẹ̀rẹ́ẹ̀," Àǹtí Mọdúpẹ́ ní, "á jẹ́ pé ó kórìíra rẹ̀ ni."

Mo jókòó sórí àpò ọṣẹ. Mo rántí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n máa ń pe ìyá mi ní ìyàwó wọn, tí wọ́n á sì máa pàṣẹ pé kó bu ẹran wá. Ìyẹn ló jẹ́ kí ó yé mi díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wo gínì tó ti gun ara wọn dé òkè àjà, Iléyá sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀, mo wá rí i pé mo ti lé ọwọ́ tó ń gbé Pa Joof ró lọ.

Mo lè pe Ansu lórí fóònù. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo lé lójú gbogbo ènìyàn, ó yẹ kí n fi ẹsẹ̀ mi lọ bá a. Nígbà tí a ṣíwọ́, èmi àti Àǹtí Mọdúpẹ́ wọ gẹ̀lígẹ̀lí tó ń lọ sí Serrekunda. Kí ọkọ̀ tó dé Denton Bridge, ó ti ròyìn mi fún gbogbo èrò, ó ń fi mí hàn bí ọjà. Wọ́n ń pa àtẹ́wọ́. Bàbá kan ní iwájú yíjú padà, ó béèrè tàánútàánú bóyá a kì í ṣeré ní Nàìjíríà.

Àgbàlá àǹtí rẹ̀ ni Ansu ń gbé. A bá a tó ń kan ẹsẹ̀ àpótí kan tó ti yẹ̀. Mo ní kó má bínú, pé mi ò mọ̀ ni.

"Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀, Madam," ó ní. "Mo fẹ́ lọ mú bàbá mi wá láti Foni bí ẹ ṣe wí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín á pa á lọ́nà." Ó gbé òòlù sílẹ̀. "Ẹrú mi ńkọ́? Ṣé ó jẹun?"

"Kò jẹun. Kò sì ṣiṣẹ́."

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Apá rẹ̀ ti lọ, Madam. Mo máa ń yára lu tèmi kí iṣẹ́ tirẹ̀ lè fúyẹ́. Bí mo bá rí i pé ó ti ń dùn ún, màá bú u. Á dáwọ́ dúró kó lè rẹ́rìn-ín. Tó bá ń rẹ́rìn-ín, ó ń sinmi nìyẹn."

Omi gba ojú mi, mi ò sì fi pa mọ́. Láti ojú fèrèsé mi, ìwà àfojúdi ni mo pè é. Mo bá sọ gbogbo ohun tí Alhaji wí fún un, àti bí mo ṣe ń lọ bá bàbá lójoojúmọ́ tí mo ń padà bọ̀ pẹ̀lú àdúrà.

"Ẹ̀yin kò lè sọ ọ́ fún un," Ansu ní. "Ẹ fi sílẹ̀ fún èmi tí mo ni ín."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Pa Joof ti wà lórí àpótí rẹ̀ kí Ansu tó wọlé. Ansu kò kí i. Ó lọ dúró lé e lórí.

"Ẹ ẹ̀ rí i," Pa Joof ní, ojú rẹ̀ là. "Olè tó jẹ ẹja mi ti padà dé."

"Gbé kùmọ̀ yẹn wá."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo ní kí o gbé e wá. Iṣẹ́ rẹ kò wù mí mọ́. O ń ba aṣọ jẹ́, wọ́n sì ń bú èmi tí mo ni ọ́. Láti òní lọ, mi ò fún ọ láyè kí o tún lu aṣọ. Orí ẹní lo máa jókòó sí. Máa wo àwọn ọmọ wọ̀nyí, ẹni tí kò bá lù ú dáadáa, kí o bú u. Ẹnu rẹ nìkan ló ṣì lágbára lára rẹ."

Àwọn ọmọbìnrin tó ń lọṣọ ti kó ara wọn jọ sójú fèrèsé. Ẹ̀rín ti kúrò lójú Pa Joof. Ó wo apá ọ̀tún rẹ̀, ó wo kùmọ̀, ó wo ojú Ansu, ó sì pẹ́ lójú rẹ̀. Mo rò pé ó máa dìde, pé ó máa gba ọ̀nà abúlé rẹ̀ lọ. Mo ń gbàdúrà nínú mi.

"Badjie," ó ní nígbẹ̀yìn, "ìwọ tó jẹ ìrẹsì ìlú tán. Ṣé ìwọ lo ń ní kí n jókòó?"

"Èmi ni."

"Ẹrú tó bá jókòó, olówó rẹ̀ ló ń bọ́ ọ. Ẹja ni mo máa ń jẹ."

"Orí ẹja."

"Odindi ẹja."

"Orí àti ìrù."

Wọ́n ná ẹja náà títí gbogbo ẹ̀yìn ilé fi ń pariwo ẹ̀rín, àwọn kan ń gbè lẹ́yìn Sẹ̀rẹ́ẹ̀, àwọn kan ń gbè lẹ́yìn Jóólà. Nígbà tí wọ́n fẹnu kò sí odindi ẹja lọ́jọ́ Jímọ̀ nìkan, Pa Joof na kùmọ̀ rẹ̀ sí Ansu. Ansu fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Iléyá ọdún yẹn, orí ẹní ni Pa Joof wà, ó ń bú gbogbo wọn látàárọ̀ dìrọ̀lẹ́, aṣọ sì ń dán. Alhaji wá gba gínì tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó gbé e sójú oòrùn, ó wá ihò kiri, kò rí i. Kò sọ nǹkan kan, bí ìyìn ṣe ń rí lẹ́nu tirẹ̀ nìyẹn, kò sì tún dárúkọ ẹ̀rọ ìlọṣọ mọ́. Láti ìgbà náà lọ, tí mo bá fẹ́ gba òṣìṣẹ́, mo máa ń jẹ́ kí Pa Joof kọ́kọ́ béèrè orúkọ ìdílé rẹ̀ kí èmi tó béèrè ohunkóhun.

Lẹ́yìn ọdún Iléyá náà, mo gbé ataya lọ fún un lórí ẹní. Ó ní kí n jókòó ti òun.

"Ọmọ mi, ṣé o mọ̀ pé apá mi ti lọ?"

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Alhaji ńkọ́?"

"Ó mọ̀."

"Mọdúpẹ́ ńkọ́?"

"Gbogbo wa la mọ̀, Bàbá. Ọ̀wọ̀ yín ni kò jẹ́ ká lè sọ ọ́."

Ó mu tíì rẹ̀. Ó ń wo Ansu àti ọmọ tuntun kan tí wọ́n jọ ń lu gínì funfun kan.

"Láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni mo ti ń retí kí ẹnì kan sọ ọ́ fún mi," ó ní. "Èmi kò lè fi ẹnu ara mi sọ ọ́ lójú àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́. Mo bá dúró. Nílé, wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún mi. Níbí, ẹ ń bọ̀wọ̀ fún mi. Èjìká ń pa mí lọ, gbogbo yín kàn ń bọ̀wọ̀ fún mi ṣáá. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó rán ẹnì kan sí mi tí kò bọ̀wọ̀ fún mi."